Ọjọ́ tí ẹyin há sí Àbẹ̀kẹ́ nínú

Ìlú orí òkè ni Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ẹni tó bá ti sùn níbẹ̀ rí lóṣù Kejìlá, tí ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkè, yóò mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti aṣọ kan. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ká aṣọ tí mo fi bo àgò àwọn àparò mi, mo sì rí Àbẹ̀kẹ́ ní igun. Ó fẹ́ gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀, ó rí roboto bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Ó di ojú. Àwọn yòókù ti sáré wá sídìí oúnjẹ, òun kò mira. Ìrù rẹ̀ kékeré yẹn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bó ṣe ń mí.

Mo ti rí irú ìdúró yẹn rí. Ẹyẹ tó kọ́kọ́ dúró bẹ́ẹ̀ lójú mi, ọjọ́ kẹta ni mo sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó yàtọ̀ láàárín àárọ̀ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ sọ, bóyá yóò ran ẹlòmíràn tó ń sin àparò nílé lọ́wọ́.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ìsọ̀ mi sì wà níwájú ilé. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, àbúrò mi ọkùnrin tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìkọ̀lé-Èkìtì gbé páálí kan wọlé. Mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, akọ méjì, abo mẹ́rin, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa sin ín. Ẹyin wọn dára, wọn ò sì gba àyè." Kì í ṣe àparò oko wa tó ń ké lórí ebè ni o. Àparò ilẹ̀ Japan ni, èyí táwọn ọlọ́sìn ẹyẹ ń pè ní kuéèlì. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ló mú un wọ Nàìjíríà ní 1992. Ó kéré gan-an. Kò sí èyí tó wọn ju gíráàmù 180 lọ nínú tèmi.

Nígbà tí Yèyé mi wá kí mi, ó wò wọ́n títí, ó ní, "Àparò kan ò ga ju àparò kan, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ọmọ mi, tìrẹ yìí, orí tábìlì ìránṣọ ló gùn." Àbẹ̀kẹ́ ló ń bá wí. Òun nìkan ni kì í sá fún ọwọ́ mi. Bí mo bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án, n óò gbé e síbi tí àjákù ańkárá wà, á fi ẹsẹ̀ wa ihò sínú rẹ̀, á jókòó, á máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìrẹ̀ alẹ́. Ìró ẹ̀rọ kò dẹ́rù bà á. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ ọ́n lórúkọ, wọ́n á kí mi tán, wọ́n á kí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti akọ tó kú, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe púpọ̀.

Oṣù Kẹfà ni, òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́. Mo rí i tó fẹ́ ìyẹ́, mo ní òtútù lásán ni. Mo fi í sílẹ̀ láàárín àwọn yòókù, akọ kejì sì ń ṣá a lórí. Ìyá Ìbejì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n gún ata wẹ́wẹ́ mọ́ atalẹ̀ sínú omi rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún adìyẹ. Mo ṣe é. Lọ́jọ́ kejì mo ra kápúsù tetracycline ní kẹ́míìsì, mo tú u sínú ife omi rẹ̀. Omi náà pọ́n rúsúrúsú, ó sì korò. Kò mu ún mọ́. Ẹyẹ tó ń ya ìgbẹ́ olómi, tó yẹ kó máa mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi gan-an ni mo lé e kúrò nídìí omi. Bẹ́ẹ̀ ni kápúsù yẹn, èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó wọn kílò 60 fi ìlọ́po 400 wúwo ju ẹyẹ tó wọn gíráàmù 150 lọ. N kò ronú kan èyí rárá nígbà tí mò ń ṣí kápúsù náà.

Ìgbà tí mo gbé òkú rẹ̀ ni mo tó fi ìka kan egungun àyà rẹ̀. Ó yọ ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀bẹ. Ẹran tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún lósì egungun yẹn ti gbẹ tán. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta ló fi rù bẹ́ẹ̀. Ó ti ń rù tipẹ́ lábẹ́ ìyẹ́ tó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ń wò ó lójoojúmọ́. Ó dùn mí gan-an. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹyẹ tí ohun gbogbo ń pa jẹ ni àparò. Èyí tó bá fi hàn nínú agbo pé ó rẹ òun ni àṣá á kọ́kọ́ gbé. Nítorí náà, á máa ṣá oúnjẹ bí ẹni tó ń jẹ ẹ́, á máa bá wọn sáré kiri, títí agbára á fi tán pátápátá. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tó dúró sí igun, tó di ojú lọ́sàn-án gangan, ó ṣeé ṣe kí àìsàn yẹn ti pẹ́ lára rẹ̀.

Teepu ni mo fi ń jẹun. Oníbàárà á wọ bùbá ńlá wọlé, n kò lè mọ bí ìbàdí rẹ̀ ṣe tó àfi tí mo bá fi teepu yí i ká. Ìyẹ́ ni bùbá ẹyẹ. Lẹ́yìn tí mo sin akọ yẹn, mo lọ ra òṣùwọ̀n kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí n tó fún wọn lóúnjẹ, n óò gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ ike, n óò da aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó (bí àparò bá ta gìrì, òkè tààrà ló ń fò sí, ó sì lè forí gbá nǹkan kó kú), n óò sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Kí n tó gbé e sílẹ̀, n óò fi ìka kan egungun àyà rẹ̀, n óò wo ìdí rẹ̀ bóyá ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, n óò wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí ẹyẹ kan. Láti oṣù Keje títí di oṣù Kejìlá, nọ́ńbà Àbẹ̀kẹ́ kò kúrò láàárín 166 sí 172.

Ìgbẹ́ wọn náà, ẹ kọ́ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ara wọn dá. Èyí tó dára máa ń le díẹ̀, ó máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀, funfun á sì wà lórí rẹ̀. Lójúmọ́, wọ́n tún máa ń ya òmíràn tó rọ̀, tó dúdú bí ọṣẹ dúdú, tó sì ń rùn burúkú. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Mo ti rí ẹni tó torí rẹ̀ rọ oògùn fún ẹyẹ tí kò sí ohun tó ṣe é. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni omi funfun tí kò dáwọ́ dúró, tàbí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àárọ̀ ọyẹ́ yẹn. Mo gbé Àbẹ̀kẹ́ sórí òṣùwọ̀n, ó ní 178. Ẹran bo egungun àyà rẹ̀ dáadáa. Kò rù, ńṣe ló wúwo sí i. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí ó túmọ̀ sí pé ohun tó ń ṣe é kò tíì pẹ́. Mo ṣí ìwé mi. Àwọn àparò yìí, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń yé, kì í ṣe àárọ̀ bíi ti adìyẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ẹyin tí mo kó kò pé, ti Àbẹ̀kẹ́ ni kò sí níbẹ̀. Tirẹ̀ kò ṣòro láti dá mọ̀, nítorí abo kọ̀ọ̀kan ló ní bí àmì ara ẹyin rẹ̀ ṣe máa ń rí, àmì ti Àbẹ̀kẹ́ sì tóbi ju tàwọn yòókù lọ. Mo wo òkè díẹ̀ lójú ìwé kan náà. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹyin Àbẹ̀kẹ́, èèpo rọ̀." Mo kọ ọ́, mo sì pa ìwé dé, n kò ṣe nǹkan kan sí i.

Mo rọra fi ìka kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Nǹkan kan le níbẹ̀, ó rí roboto.

Lọ́tẹ̀ yìí n kò wá ata, n kò lọ sí kẹ́míìsì. Ooru ni mo kọ́kọ́ wá. Ara àparò máa ń gbóná tó digíríì 41 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwa jẹ́ nǹkan bíi 37. Ọwọ́ wa tí a rò pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tútù ló jẹ́ lára rẹ̀. Ìyẹ́ tó fẹ́ yẹn, ooru ló ń wá kó sábẹ́ rẹ̀, gbogbo agbára tó bá sì ná sórí mímú ara gbóná, kò ní rí i fi bá àìsàn jà. Mo tẹ́ àjákù ańkárá sínú páálí, mo rọ omi gbígbóná sínú ike méjì, mo fi aṣọ wé wọn, mo sì tò wọ́n sí apá kan páálí náà. Mo fi apá kejì sílẹ̀ lófìfo, kó lè sún síbẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù fún un. Mo gbé e sínú rẹ̀, mo bò ó kó ṣókùnkùn, mo ní kí àwọn ọmọ má pariwo.

Ìyá Ìbejì gbọ́, ó sì gbé ìkòkò èédú tó ti ràn dáadáa wá kí n gbé e sínú yàrá. Àánú ló ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó wà níta. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú, tí a kì í rí, tí kì í rùn, ń pa èèyàn nínú yàrá tí a tì pa, ẹyẹ kékeré kì í sì í pẹ́ tó èèyàn nínú rẹ̀. Ẹ má dán an wò láé.

Mo pe dókítà ẹran kan ní Adó-Èkìtì. Mo ti gba nọ́ńbà rẹ̀ pa mọ́ láti ìgbà tí akọ yẹn ti kú.

"Ẹ kú àárọ̀, Dókítà. Àparò mi kan ni. Ó jọ pé ẹyin há sí i nínú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ṣé ẹ ti tẹ ikùn rẹ̀?"

"Rárá, sà. Mo kàn fọwọ́ kàn án ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Bí ẹyin yẹn bá fọ́ síbẹ̀, èèpo rẹ̀ á ya á nínú. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ gbé e sí. Tó bá di ọ̀sán tí kò yé e, ẹ máa gbé e bọ̀."

Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì mọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tí èèyàn á ti ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ tí kò ní fẹ́ yọ ọ́ mọ́. Irú omi tí mo pò sínú abọ́ nìyẹn. Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi dán an wò, bí a ṣe ń dán omi ìwẹ̀ ọmọ ìkókó wò. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá Àbẹ̀kẹ́ mú, mo sọ ọ́ kalẹ̀ títí omi fi mù ún dé ikùn. Ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀rù ń bà á. Ọkàn rẹ̀ ń lù lábẹ́ àtàǹpàkò mi, ó yára débi pé kò ṣeé kà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyẹ́ ìdí rẹ̀ tú sínú omi, ẹsẹ̀ tó nà yẹn rọ̀, ó wá gbé ọrùn lé ìka mi. Ó la ojú kan, ó wò mí. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, n kò rántí ohun tí mò ń sọ. Bí omi bá ti fẹ́ tutù, n óò bu gbígbóná díẹ̀ kún un láti ẹ̀gbẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú 15 kí n tó gbé e jáde. Mo fi aṣọ nu ún gbẹ délẹ̀, nítorí ẹyẹ tó tutù nínú ọyẹ́ tún ti kó sínú wàhálà mìíràn. Mo fi òwú ta òróró díẹ̀ sí ẹnu ìdí rẹ̀, mo sì dá a padà sínú páálí.

Agogo méjìlá lù, ẹyin kò jáde.

Mo pààrọ̀ omi inú ike, mo gbé páálí lé itan, mo wọ ọkọ̀ Adó. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì mí, ó bi mí ohun tó wà nínú páálí. Mo ní, "Àparò mi ni, bàbá. Ara rẹ̀ kò yá." Bàbá yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó ti gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, ó sì ké sí awakọ̀ pé, "Dẹ́rẹ́bà, rọra máa gba inú kòtò o, aláìsàn wà lẹ́yìn." A kọjá Àràmọ̀kọ, a kọjá Ìgèdè àti Ìyìn, mo sì ń ti ìka bọ inú páálí bóyá ó ṣì ń mí. Ọlọ́run ló mọ iye ìgbà.

Dókítà kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kó tó fọwọ́ kan oògùn. Kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun àti èèpo ẹyin le, ló fà sínú sírínjì, ohun tó fà kéré débi pé mo ní láti súnmọ́ ọn kí n tó rí i. Lẹ́yìn tó gún un tán, ó gbé e sínú àpótí tí gílóòbù ń tàn nínú rẹ̀, ó da aṣọ bò ó, ó sì ní ká jáde kúrò níbẹ̀. A jókòó síta. N kò lè jẹun.

Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni Dókítà yọjú wo inú àpótí, ó sì pè mí. Àbẹ̀kẹ́ ti dìde dúró. Ẹyin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó funfun bí ẹfun, kò ní àmì kankan, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, apá kan rẹ̀ sì rọ̀ tó fi wọ́. Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

Ìgbà yẹn ni Dókítà wá bi mí pé, "Oúnjẹ wo lẹ ń fún un?" Mo sọ fún un pé oúnjẹ ọmọ adìyẹ ni, èyí tí àbúrò mi ní kí n máa rà nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ó dára fún wọn nígbà yẹn, nítorí ó ní ohun tó ń mú ara dàgbà dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń yé láti oṣù Kẹta, n kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Kálísíọ́mù inú oúnjẹ ọmọ adìyẹ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, abo tó ń yé sì nílò tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: adìyẹ tó wọn kílò méjì máa ń yé ẹyin tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 60. Àbẹ̀kẹ́ wọn 170, ẹyin rẹ̀ sì wọn 10. Bí ẹ bá fi wé bí ara wọn ṣe tó, ẹrù tirẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti adìyẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ló ń gbé e. Nígbà tí oúnjẹ kò mú èèpo wá fún un, inú egungun ara rẹ̀ ló ti ń fà á jáde. Nígbà tí ti egungun náà sì fẹ́ tán, iṣan tó yẹ kó ti ẹyin síta kò lágbára mọ́, torí kálísíọ́mù yìí kan náà ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀, tí mo kọ sínú ìwé lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, òun ni ìkìlọ̀.

Mo tún bi í nípa tetracycline, nítorí ó ṣì wà lọ́kàn mi. Ó ní oògùn yẹn àti kálísíọ́mù máa ń so mọ́ra nínú ikùn, èkíní ò ní ṣiṣẹ́, èkejì ò ní ṣiṣẹ́. Ká ní mo ti tú u sínú omi Àbẹ̀kẹ́ láàárọ̀ yẹn, mo tún ìyà rẹ̀ dá sílẹ̀ nìyẹn. Ó ní bí oògùn bá sì tọ́ sí ẹyẹ kan, ẹ má jẹ ẹyin rẹ̀ títí ọjọ́ tí dókítà dá fún yín á fi pé.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń bo àgò Àbẹ̀kẹ́ láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ má pọ̀, kí yíyé lè dáwọ́ dúró díẹ̀, kí ara rẹ̀ sì sinmi. Mo ra oúnjẹ adìyẹ tó ń yé. Mo sì lọ bá àwọn tó ń ta ìgbín lọ́jà, mo tọrọ ìkarahun tí wọ́n ń kó dànù. Mo fọ̀ ọ́, mo sè é, mo sá a gbẹ, mo gún un nínú odó títí ó fi rí bíi gààrí tó le. Ife tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni mo fi sí, n kò pò ó mọ́ oúnjẹ, nítorí akọ kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Abo mọ ìgbà tó yẹ kó jẹ ẹ́. Ẹ lọ wò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á lọ máa ṣá ìkarahun.

Ohun kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Ti Àbẹ̀kẹ́ kì í ràn. Bí ẹyẹ méjì tàbí mẹ́ta bá dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ ya àwọn tí ara wọn yá sọ́tọ̀, kí ẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú wọn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ má pa èyíkéyìí jẹ, ẹ má gbé wọn lọ tà, ẹ sì pe dókítà ẹran lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹyẹ tuntun tí ẹ bá rà, ẹ jẹ́ kó dá wà fún oṣù kan kó tó wọ àárín àwọn ti ilé.

Àbẹ̀kẹ́ tún yé ẹyin púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn ló ní àmì ńláńlá rẹ̀ yẹn. Ní 2023 yíyé rẹ̀ dínkù, ìwọ̀n rẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 165, 163, 161. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọjọ́ orí ni, pé àparò tó bá lo ọdún méjì sí mẹ́ta ti dàgbà. Mo ń gbé e sórí àjákù ańkárá rẹ̀ lójoojúmọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ló sùn síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kò jí mọ́, nígbà tí mò ń rán aṣọ ìyàwó kan. Nọ́ńbà rẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ìwé mi ni 159. Ìwé náà ti kún, mo ti ra òmíràn, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú dúrọ́wà ẹ̀rọ mi.